Ọkọ̀ ojú omi níwájú ilé: ẹ ṣí lẹ́tà yín

Lóṣù yìí nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló ti wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Houston lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi, tàbí RV tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, wọ́n gbé e síwájú ilé. Ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé, wọ́n ti lẹ́tà náà bọ inú dúrọ́ọ̀. "Lọ́yà, ṣebí ilé mi ni?" Ilé yín ni. Ẹ̀yin náà lẹ sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní hàn sójú títì.

Àwọn lọ́yà orí WhatsApp a máa sọ pé Houston kò ní òfin zoning, èyí tí ìlú fi ń pín ohun tí a lè fi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe, pé kálukú lè gbé ohun tó wù ú síbi tó wù ú. Apá àkọ́kọ́ jóòótọ́. Deed restrictions, ìyẹn àwọn òfin inú ìwé àdéhùn ilé yẹn, ló ń ṣe iṣẹ́ zoning níbí. Ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ rà á mọ́ ọn ni. Tapólì tí ẹ sì fi bo ọkọ̀, ta ló ń tàn jẹ?

Lẹ́tà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Orí 209 nínú òfin dúkìá Texas ní kí ẹgbẹ́ onílé tó bu owó ìtanràn lé yín, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé, kí wọ́n sì fún yín láyè láti gbé ọkọ̀ kúrò. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti ní kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà gbọ́ tẹnu yín. Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ la ti ń kà á o! Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí i, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ti Ìbàdàn dé. Bí ẹ bá tún ṣe irú ẹ̀ láàárín oṣù 6, wọn ò ní láti fún yín láyè mọ́. Bó bá dé kóòtù, adájọ́ lè bu tó $200 lé yín lójúmọ́. Ẹ ṣírò ọjọ́ 90: $18,000.

Àbúrò kan gbé lẹ́tà tirẹ̀ ka orí tábìlì mi, epo ti mu ún bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. "Ẹ̀gbọ́n, wòlíì ní aládùúgbò ló ń jowú ọkọ̀ mi." Òróró àdúrà ni. Ibi tó sì pọ̀ sí jù ni déètì, kò ṣeé kà mọ́. Mo ní àpò lẹ́tà ńkọ́, èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́? Wòlíì ní kó jó o, ó ti jó o. Nígbà tí mo fi rí déètì gbà lọ́wọ́ lọ́yà wọn, ọjọ́ 41 ti pé. Ọdún 18 rèé tí mo ti ń gba ẹjọ́ tí àwọn ẹlòmíì ń sá fún, n ò tíì bá kàlẹ́ńdà ṣẹjọ́ kí n jàre.

Ọkọ̀ náà ti wà níbi tó ti ń sanwó ìpamọ́ lóṣooṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún pè mí: ó fẹ́ tà á, kó fi ra RV. Mo ní kó lọ gbé ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ wá, kó kà á sí mi létí.