Bí Igi Ṣe Di Ajílẹ̀ n'Íbàdàn

Láyé ijọ́un, tí ilẹ̀ bá ti ṣá, àgbẹ̀ Ìbàdàn a fi í sílẹ̀ kó sinmi, a sún sí ibòmíràn. Igbó á hù, ọ̀rá ilẹ̀ á padà. Nígbà tí èrò pọ̀ tí ilẹ̀ ò tó mọ́, ìsinmi ọ̀hún ò pẹ́ mọ́, fàtíláísà sì wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967. Ní àwọn ọdún 1970, B. T. Kang àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi Leucaena ní ìlà-ìlà, àgbàdo láàárín. Igi bá ga, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á da ewé rẹ̀ sídìí àgbàdo.

Náítírójìn inú ewé yẹn ni wọ́n ń wá. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, igi kankan ò sì lè dá mu ún. Bakitéríà Rhizobium, ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, ló mọ̀ ọ́n ṣe. Á wọ gbòǹgbò, igi á yọ kókó kéékèèké fún un, á máa fún un ní ṣúgà, òun náà á máa sọ náítírójìn di oúnjẹ igi. Hellriegel àti Wilfarth, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ló fi èyí hàn ní Jámánì ní 1886.

Ṣùgbọ́n Mẹ́síkò ni Leucaena ti wá, kì í sì í ṣe bakitéríà kan ṣáá ló bá a mu. Èyí tó bá a mu ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1980, Nteranya Sanginga, Mulongoy àti Ayanaba ní IITA fi bakitéríà tí wọ́n ṣà sí i: igi rí náítírójìn gbà, àgbàdo tó tẹ̀lé e náà jẹ níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé kóun da fàtíláísà náítírójìn rẹpẹtẹ lé e ló máa bà á jẹ́. Igi tó bá ti rí ọ̀fẹ́ nílẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ kókó mọ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yàtọ̀, láìsí i, kókó ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdílé ẹ̀wà ni Leucaena wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdílé náà ló ń yọ kókó: igi apá wà níbẹ̀, kì í yọ ọ́.

Àwọn àgbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gba ọgbọ́n ìlà igi yìí. Rírẹ́ igi ń gba agbára ènìyàn, ẹni tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ kì í jẹ́ kó gbin igi, torí ẹni tó gbin igi ló ń di onílẹ̀ lọ́la. Bakitéríà tí wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn fún títà lónìí, ti ẹ̀wà sóyà ni; sóyà kì í sì í lò ju àsìkò kan lọ lórí ilẹ̀ onílẹ̀.