Àkúnwọ́sílẹ̀ ọrọ̀ ajé: bí ọjà Nàìjíríà ṣe ń dé Kútọnu

Tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ńlá bá gbèrú tàbí tó dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára, spillover ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àkúnwọ́sílẹ̀ la ó pè é níbí. Ó lè mú èrè wá, ó lè fa àdánù, ọ̀nà tó bá gbà wọlé ló máa sọ.

Ẹ wo Nàìjíríà, tí èrò rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, àti Olómìnira Benin tí tirẹ̀ kò tó 15 mílíọ̀nù. Bí owó bá wà lọ́wọ́ ará Èkó, ọjà á tà ní Benin. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ọjà náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń ṣìnà. Àwọn kan wà tí Benin fúnra rẹ̀ gbìn, bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó Àlàdá àti tòmátò Grand-Popo. Owó wọn ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, alágbàṣe àti onímọ́tò. Àwọn mìíràn kàn gba èbúté Kútọnu kọjá ni: ọkọ̀ tòkunbọ̀, àti ìrẹsì tí wọ́n ti fi omi gbígbóná sè díẹ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀. Ìrẹsì funfun ni ará Benin sábà ń jẹ, Nàìjíríà ni èyí ń lọ. Owó ibodè, owó ilé ìkẹ́rù àti owó ọkọ̀ nìkan ló ń kù sí Benin lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà, tí kò gba ìrẹsì òkèèrè láti orí ilẹ̀, tí kò sì gbà kí ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti January 2017, ló jẹ́ kí fàyàwọ́ wọn lérè. Ẹni tó bá ka èrè bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdàgbàsókè ṣi ìṣirò.

Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ní August 2019, fàyàwọ́ ni wọ́n lé. Àmọ́ ìrẹsì lè dúró nínú ilé ìkẹ́rù. Tòmátò kò lè dúró, ó jẹrà ni. Àgbẹ̀ tí kò rú òfin kankan ló jìyà. December 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Owó tí wọ́n ń ná náà tún wà níbẹ̀. 655.957 owó CFA, tí Benin ń ná, ni yúrò kan, iye yìí kì í yí. Náírà ń yí. Ká ní apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan jẹ́ 10,000 CFA. Tí CFA kan bá jẹ́ ₦0.80, ₦8,000 ni. Tí CFA kan bá di ₦2.50, ó di ₦25,000, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Oníbàárà á sá. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, owó ọjà Nàìjíríà á wálẹ̀ ju ti ọjà Benin lọ, á sì pa àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ lára.

Epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú pópó Benin, fi àkúnwọ́sílẹ̀ yìí hàn. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, lítà kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kpayo náà gbówó lórí, láìjẹ́ pé ìjọba Benin pinnu ohunkóhun.

Ìwé aṣọ́bodè kì í ka fàyàwọ́, nítorí náà ẹ má gbára lé e nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìhà tí ẹrù ń lọ, ẹ mú iye owó ọjà kan náà ní ìhà méjèèjì ibodè ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹ fi iye ṣíṣẹ́ owó ti ọjà, kì í ṣe ti báńkì, yí wọn sí owó kan. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti èyí tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà kúrò nínú ìyàtọ̀ wọn. Tí nǹkan bá ṣì kù, ìhà tó gbówó lórí ni ẹrù ń lọ.