PM2.5: Eruku Kíkúná Inú Èéfín Igi Ìdáná

PM2.5 ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìlera fún eruku kíkúná tó ń fò nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ni máíkírómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí máíkírómítà 70, nítorí náà ojú lásán kò lè rí ẹyọ eruku yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá ni, níbi tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìdáná abúlé tí wọ́n ti ń fi igi dáná wà lára ibi tí ó ti ń pọ̀ jù.

Igi kì í jóná tán lórí ààrò olókùúta mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè dé àárín igi dáadáa, ooru iná kì í sì í tó, nítorí náà apá kan igi náà á di èéfín dípò kí ó jóná. Igi tútù ló burú jù, torí pé iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá gbójú sókè nínú ilé ìdáná tó ti pẹ́ yóò rí dúdú tó ti nípọn mọ́ páànù àti igi òrùlé. Ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ òkè nìyẹn. Èyí tó kù, ìyá àti ọmọ ló ń fà á símú.

Imú wa ń ṣiṣẹ́ bí ajọ̀: ó ń dá eruku tó tóbi dúró, a ó sì fún un dànù tàbí kí a sín in jáde. PM2.5 ń jò kọjá. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé àwọn àpò kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́, ó ń mú kí ibẹ̀ wú, àwọn tó kéré jù nínú rẹ̀ sì lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí aburú rẹ̀ kò fi mọ sórí ikọ́ àti omijé. Ó ń dá kún àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti àìsàn tí èémí fi ń nira fún obìnrin àgbàlagbà tí kò fẹnu kan sìgá rí. Nínú àwọn ọmọdé, òtútù àyà ló ń dá sílẹ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lára wọn lé ní 237,000.

Àjọ kan náà sọ ní ọdún 2021 pé kí PM2.5 inú afẹ́fẹ́ má ju máíkírógíráàmù 15 (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìpín kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) lọ nínú mítà kúbíìkì kan, ní ìpíndọ́gba wákàtí 24. Nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, ó lè ju 1,000 lọ nígbà tí igi bá ń rú èéfín. Iye wákàtí tí ènìyàn fi jókòó tì í tún ṣe pàtàkì. Ẹ wo obìnrin tó ń yan gàrí: ó dojú kọ agbada láti àárọ̀, ó ń fi awẹ́ igbá ru ú láìdáwọ́dúró, kò lè dìde kí gàrí má baà jóná, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ yẹn ń mí kíákíá ju ìyá rẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì tíì gbó.

Dídín èéfín kù díẹ̀ kò tó. Ní orí òkè ní Guatemala, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìlera àyíká Kirk Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìdajì nínú àwọn ilé tó lé ní 500 ní ààrò tó ní ihò èéfín. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé èéfín tó ń kan àwọn ọmọ dín kù sí ìdajì, òtútù àyà tó le sì dín kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òtútù àyà lápapọ̀ dín kù. Èédú náà kì í ṣe ààbò. Èéfín rẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, ń ti ara rẹ̀ jáde, ó sì lè pa ẹni tó sùn tì í nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Gáàsì ìdáná ló dára jù nínú ohun tí ọ̀pọ̀ lè rí rà, àmọ́ owó rẹ̀ ń mú kí àwọn ilé fi gáàsì se ọbẹ̀, kí wọ́n sì padà sídìí igi fún ìkòkò ńlá. Èmi kò dá ìyá ilé lẹ́bi. Bàálé tó ń kọ́lé ló yẹ kí ó gbèrò ilé ìdáná, kí ó má jẹ́ pé páànù tó ṣẹ́kù ni wọn yóò fi bò ó láìlu fèrèsé. Kí fèrèsé kọjú síra wọn, kí àlàfo wà lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n la igi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ òrùlé ṣáájú òjò, kí ẹlòmíràn sì gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jó.

Bí ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó bá mí nígbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá mí nígbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá fa èémí, kí wọ́n má dúró rárá.