Owó community college ní Amẹ́ríkà: ta ni ìjọba ń ràn lọ́wọ́, èló sì ló kù fún yín láti san?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Houston, Maryland, Chicago àti New York ló ń gba community college, ilé-ìwé ọlọ́dún méjì, wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò owó tàbí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó jókòó sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ ń já wọn láyà. Iye owó àti òfin ọdún ẹ̀kọ́ 2025–2026 la fi dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ìbéèrè: Èló gan-an ni owó ilé-ìwé?

Ìdáhùn: Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé àti bí ẹ ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ní California, dọ́là 46 ni kírẹ́díìtì kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì) láti ọdún 2012, nítorí náà kírẹ́díìtì 12 ní sáà kan jẹ́ dọ́là 552. Àwọn community college tó wà lábẹ́ CUNY, yunifásítì ìjọba ìlú New York, bíi Kingsborough àti BMCC, ń gba dọ́là 2,400 ní sáà kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé ní kíkún, ìyẹn 4,800 lọ́dún, yàtọ̀ sí àwọn owó kéékèèké.

Iye tí ará ìpínlẹ̀ ń san nìyẹn o. Ní New York, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún oṣù 12, kí ẹ sì ti lo oṣù 6 ní agbègbè tí ẹ wà. Àlejò ń san dọ́là 320 lórí kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan: 12 di dọ́là 3,840 ní sáà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tọ́jú ìwé àdéhùn ilé, ìwé owó iná àti ìwé owó orí tó ní orúkọ yín àti déètì lára láti oṣù àkọ́kọ́, torí àwọn ni ilé-ìwé máa fi ka oṣù fún yín.

Ìbéèrè: Ilé-ìwé kọ ọ́ sí mi pé ìnáwó ọdún kan lé ní dọ́là 20,000. Ṣé èmi ni mo máa san gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ná lọ́dún ni wọ́n kọ síbẹ̀: owó ẹ̀kọ́, ìwé, ilé, oúnjẹ, ọkọ̀. Òfin ló ní kí ilé-ìwé ṣírò rẹ̀, kí owó ìrànwọ́ tí wọ́n máa fún yín má bàa kọjá á. Ohun tí ẹ máa san fún ilé-ìwé ni owó ẹ̀kọ́ àti àwọn owó kéékèèké. Bí ẹ bá ń gbé nílé àwọn òbí yín, iye tí wọ́n fi sí ilé yóò kéré sí ti ẹni tó ń dá gbé, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìbéèrè: Ta ni ìjọba àpapọ̀ ń fún lówó?

Ìdáhùn: Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, ẹni tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí asásálà, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí òfin dárúkọ. Ẹni tó fi físà F-1 wá kàwé tàbí B1/B2 wá ṣèbẹ̀wò kò sí lára wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ DACA, ètò fún àwọn tí wọ́n mú wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré láìní ìwé, náà kì í rí ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n California àti New York ní owó ìpínlẹ̀ tí wọ́n lè béèrè fún.

Green card tàbí ìwé ìlú àwọn òbí kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí, bí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò tiẹ̀ ní ìwé kankan.

Ìbéèrè: Mo ti gba B.Sc. ní Nàìjíríà, mo wá fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì níbí. Ṣé màá rí Pell Grant?

Ìdáhùn: Ẹ kò ní rí i. Pell Grant ni owó ọ̀fẹ́ tó tóbi jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún. Oyè tí ẹ gbà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ kà bí èyí tí wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà, kódà bí kò bá yín wáṣẹ́ kankan níbí. Òfin yìí le mọ́ àwọn èèyàn wa púpọ̀, ó sì dùn wá, nítorí àwọn tó ti wá bẹ̀rẹ̀ ayé látìbẹ̀rẹ̀ ló ń bá jà jù.

Àwọn kan á ní kí ẹ má sọ pé ẹ ní oyè. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Abẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ lẹ ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí ẹ fi béèrè owó náà, ọjọ́ tí ẹ bá sì mú transcript wá kí wọ́n lè dín kọ́ọ̀sì kù fún yín ni irọ́ náà máa tú. Wọn yóò gba gbogbo owó náà padà, ẹ sì lè jẹ́jọ́.

Ohun tó kù fún yín ni owó yíyá ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí kò sí lábẹ́ òbí mọ́ lè yá tó dọ́là 9,500 ní ọdún àkọ́kọ́, èyí tí 3,500 nínú rẹ̀ lè jẹ́ irú tí ìjọba ń san èlé rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kàwé. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán kírẹ́díìtì 6. Ẹ kọ́kọ́ béèrè o, torí àwọn community college kan kò bá ìjọba ṣe ètò owó yíyá yìí rárá. Ẹ tún bi ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

OND, NCE àti HND kì í ṣe B.Sc. Ẹ kó ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì financial aid, èyí tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ ní ilé-ìwé, kí àwọn fúnra wọn pinnu ipò tó wà.

Ìbéèrè: Èló ni Pell Grant, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ìdáhùn: Èyí tó pọ̀ jù lọ́dún jẹ́ dọ́là 7,395, èyí tó kéré jù jẹ́ 740. Owó tó wọlé fún ẹbí àti iye èèyàn inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà kan jáde tí wọ́n ń pè ní SAI. Ó lè kéré títí dé òdì 1,500. Ẹni tí SAI rẹ̀ jẹ́ òdo tàbí tó kéré sí i ń gba gbogbo 7,395. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 2,000 ń gba 5,395.

Iye kírẹ́díìtì tí ẹ mú ló tún ń gé e. Kírẹ́díìtì 12 ń gba gbogbo rẹ̀, 9 ń gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, 6 ń gba ìdajì. Bí ẹ bá wà ní CUNY tí ẹ ń gba 7,395, tí owó ẹ̀kọ́ sì jẹ́ 4,800, dọ́là 2,595 ṣẹ́kù kí àwọn owó kéékèèké tó kúrò níbẹ̀. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi èyí tó bá kù ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ 14, ẹ sì lè fi ra ìwé tàbí wọkọ̀. Kọ́ọ̀sì tí kò sí lára ètò ẹ̀kọ́ yín kì í wọ ìṣirò náà, nítorí náà kírẹ́díìtì 12 tí mẹ́ta inú rẹ̀ jẹ́ àfikún lásán yóò di 9.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mò ń gbé, òun ló ń bọ́ mi. Ṣé owó tirẹ̀ ni màá kọ sí FAFSA?

Ìdáhùn: Ní ilé wa, bàbá ni àbúrò bàbá. FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó yìí, kò kà á sí òbí àfi tó bá ti gbà yín ṣọmọ lábẹ́ òfin. Òbí tó bí yín ni wọ́n ń béèrè, wọn ì báà wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ kì í nílò òbí bí ẹ bá ti bí ọmọ tí ẹ ń tọ́jú, bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, bí ẹ bá ti sin nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, bí àwọn òbí yín méjèèjì bá ti kú, tàbí bí wọ́n bá bí yín ṣáájú January 1, 2002 fún ọdún 2025–2026. Bí ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ yín bá fi yín sábẹ́ àbúrò bàbá náà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, ẹ kì í nílò òbí nígbà náà. Àfidáfíìtì láti Nàìjíríà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Àwọn òbí tó wà nílé lè ṣí account tiwọn ní studentaid.gov láìní Social Security number. Wọn yóò kọ iye tó wọlé fún wọn ní dọ́là, ní iye ìpààrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́. Owó oṣù tó jọjú ní náírà sábà máa ń di kékeré ní dọ́là, èyí sì ń gbé Pell ọmọ ga. Bí wọ́n bá kàn kọ̀ láti kọ ọ́, owó yíyá tí ìjọba kì í san èlé rẹ̀ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n bí ewu bá wà nínú kíkàn sí wọn, ẹ sọ fún ọ́fíìsì financial aid. Wọ́n lágbára láti yọ òbí kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni fọ́ọ̀mù náà ti máa ń bàjẹ́?

Ìdáhùn: Orúkọ ni àkọ́kọ́. Orúkọ, déètì ìbí àti nọ́ńbà tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ bá ti káàdì Social Security mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Èèyàn wa tó fi orúkọ ìdílé ṣáájú, tàbí tó ní orúkọ mẹ́ta tí káàdì kọ méjì, ni account rẹ̀ kì í gbà. Ẹni tó ní green card yóò kọ A-Number rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà. Bí ó bá fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, wọn yóò sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni ìfọwọ́sí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbà pé kí wọ́n gba ìròyìn owó orí òun lọ́dọ̀ IRS, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, títí kan ẹni tí kò san owó orí ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá kọ̀, kò sí owó ìjọba àpapọ̀ kankan fún ọmọ náà. Ìròyìn ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń lò: 2023 fún 2025–2026. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ láti ìgbà náà, ẹ kó ìwé ìdádúró lọ bá ọ́fíìsì náà kí wọ́n tún un ṣírò.

Ọ̀fẹ́ ni FAFSA. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ ọ́, ẹ má sì fún un ní password yín. Ẹ kọ ọ́ gbàrà tó bá ṣí, ní nǹkan bí October, torí owó àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń tán.

Ìbéèrè: Wọ́n ti ń fún mi, kí ló lè dá a dúró?

Ìdáhùn: Máàkì ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní kí máàkì àpapọ̀ yín (GPA) tó 2.0, kí ẹ sì yege nínú ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún: bíi 20 nínú kírẹ́díìtì 30. Kọ́ọ̀sì tí ẹ jù sílẹ̀ pẹ̀lú W wà lára ìṣirò náà.

Bí ẹ bá fi ilé-ìwé sílẹ̀ pátápátá kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà tó pé, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 9 nínú 15, apá kan Pell yóò padà sọ́dọ̀ ìjọba, ilé-ìwé yóò sì fi gbèsè náà sí yín lọ́rùn. Ẹni tí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá dé bá, kó tètè lọ bá ọ́fíìsì náà kó tó dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ti dá owó dúró nítorí máàkì, ẹ lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àti ohun tó ti yí padà. Ẹ fi ètò kọ́ọ̀sì tí ẹ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ yín ṣe mọ́ ọn.