Ohun Tó Ń Jẹ Àmì Ohùn Lórí Fóònù, àti Bí A Ṣe Lè Dá A Dúró

Bí ènìyàn bá kọ "bá mi mú igba wá" ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lọ́jà, tí kò fi àmì sí i, ọmọ náà lè mú igba náírà wá, ó lè gbé igbá wá, ó sì lè lọ wá igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹnu kì í dá irú ìṣòro yìí sílẹ̀, fóònù ló ń dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti wá gbà pé fóònù kò lè kọ Yorùbá bó ṣe yẹ, a sì ti fi àmì sílẹ̀. Fóònù lè kọ ọ́ dáadáa. Ohun kan ló ń da gbogbo rẹ̀ rú: níbi tí ojú wa ti rí lẹ́tà kan, fóònù lè máa ka méjì tàbí mẹ́ta.

Fóònù kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ni ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ohun tí a kọ ní Ìbàdàn lè rí bákan náà ní London. Nínú rẹ̀, ẹ ni U+1EB9, ọ ni U+1ECD, ṣ sì ni U+1E63. A kò bẹ̀bẹ̀ fún wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa o: àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni ẹ àti ọ wà, nítorí pé àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ṣ sì wúlò fún àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè Íńdíà. Lára àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé àti Potogí ni á, à, é, è àti ẹgbẹ́ wọn ti rí nọ́ńbà tiwọn gbà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀? Kò sí èyí tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú wọn. Ege méjì ni a fi ń tò ó: ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni àmì òkè, U+0301, tàbí àmì ìsàlẹ̀, U+0300, yóò gùn ún lórí. Ó tún yani lẹ́nu pé ń àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn, ḿ náà ní, ṣùgbọ́n m̀ kò ní. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró de ọjọ́ tí wọn yóò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Unicode ti fi òté lé e pé àwọn kò ní fi irú rẹ̀ kún un mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ege méjì ti lè gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbé kíbọ́ọ̀dù kalẹ̀ ná. Lórí Android tó ń lo Gboard, ẹ ṣí ibikíbi tí ẹ ti lè kọ nǹkan, kí kíbọ́ọ̀dù jáde. Ẹ tẹ àwòrán tó dà bí eyín jíà, ẹ wọ Languages, ẹ tẹ Add keyboard, ẹ wá Yoruba, ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ Done. Ẹ má yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ yí láti èdè kan sí èkejì, ẹ tẹ bọ́tìnì àlàfo, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò lórí rẹ̀. Orúkọ àwọn èdè náà á jáde. Lórí iPhone, Settings, General, Keyboard, Keyboards, Add New Keyboard ni ọ̀nà náà. Bí ẹ kò bá rí Yorùbá níbẹ̀, Gboard náà wà fún iPhone.

Lẹ́tà la ń kọ́kọ́ tẹ̀, àmì ohùn la ń tẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ àmì ṣáájú yóò rí i pé orí lẹ́tà tó wà níwájú ló lọ bà lé, á wá rí b tó dé fìlà. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá ni àtúnṣe tí fóònù ń fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ kọ "owo", ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Fóònù rò pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ ni, nítorí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí. Ẹ yí èdè kí ẹ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ lọ pa Auto-correction nínú ètò Gboard. Níbẹ̀ náà lẹ ó ti rí Dictionary, tí Personal dictionary wà nínú rẹ̀. Ẹ fi "Ẹ káàárọ̀" síbẹ̀, kí ẹ sì fi "ekr" ṣe ìkékúrú rẹ̀; lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́tà mẹ́ta péré lẹ ó tẹ̀, gbólóhùn náà á jáde tòun ti àmì. Orúkọ àwọn ọmọ yín, orúkọ ìlú yín àti ìkíni tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Bí ogún ọ̀rọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ìkọ̀wé á ti yá.

Bí àpótí kékeré bá jáde dípò lẹ́tà, ẹ má sọ pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Nọ́ńbà náà dé ní pípé. Fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà, tó wà lórí fóònù ni kò ní àwòrán rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ǹtì aláràbarà tí ènìyàn gbà láti inú áàpù ẹ̀ṣọ́ fóònù ló ń fa èyí, ẹ dá a padà sí Default, àpótí náà á di lẹ́tà. Ìgbà mìíràn, lẹ́tà á hàn ṣùgbọ́n àmì á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ, tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì yẹn ní àmì náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí ọ. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó ló máa ń bá èyí pàdé jù, tí wọ́n á sì yọ àmì kúrò pátápátá kí iṣẹ́ lè "mọ́". Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium ń gbé àmì wa sí ààyè rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Ìṣòro wíwá ọ̀rọ̀ ló fara sin jù. Ẹ ti kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan sínú àkọsílẹ̀, ẹ wá orúkọ náà lọ́sẹ̀ kejì, fóònù ní kò sí. Ẹ yí ojú padà, ẹ rí i níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè. Ó lè jẹ́ é pẹ̀lú àmì abẹ́, U+0323. Ó sì lè jẹ́ e gbọọrọ pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì òkè, ege mẹ́ta. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Unicode náà sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó sì ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń kó gbogbo wọn padà sí ẹ pẹ̀lú àmì òkè. Áàpù tó bá ń lo ìlànà yẹn kó tó wá ọ̀rọ̀ kò ní ṣìnà. Èyí tí kò lò ó á máa fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣe ìkànnì tàbí áàpù fún Yorùbá gbọ́dọ̀ fi NFC tún ohun tó ń tọ́jú ṣe, kó sì fi tún ohun tí olùwárí tẹ̀ ṣe. Bí ó bá ṣe ọ̀kan, tó fi ìkejì sílẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Fún àwa tó kù, kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò fún àkọsílẹ̀ kan.

Ọ̀nà wà láti mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà kan. Ẹ gbé atọ́ka sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ege tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa kúrò: bí àmì ohùn bá kọ́kọ́ lọ, tí odindi ẹ bá sì lọ nígbà tí a tún tẹ ìparẹ́, ó tò bó ṣe yẹ. Bí àmì abẹ́ bá lọ tí é ṣẹ́kù, ẹ ti rí ìdí tí ẹ kò fi rí orúkọ yẹn. Èyí tó burú jù ni lẹ́tà tí wọ́n fi ìlà òòró kékeré, U+0329, sí lábẹ́ bíi ti àwọn ìwé àtijọ́. Unicode kà á sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ pátápátá, NFC kò sì ní sọ ọ́ di ẹ láéláé. Ẹ fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku àtẹ̀jíṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni àmì ti ń di owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò lè gbà ju báìtì 140 lọ, èyí tí í ṣe bíìtì 1,120 (bíìtì ni ege tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà fi ń ka nǹkan, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ báìtì kan). Àwọn tó ṣètò GSM, ìlànà fóònù alágbèéká, ní Yúróòpù fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 7. Ẹ pín 1,120 sí 7, ẹ ó rí 160 tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n bíìtì 7 kò lè gbà ju ààyè 128 lọ, wọ́n sì fi lẹ́tà tí àwọn ń lò kún un. À kékeré, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan péré tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, fóònù á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí bíìtì 16 fún lẹ́tà kan. 1,120 tí a pín sí 16 jẹ́ 70.

Ẹ dán an wò lórí fóònù tó ń ka lẹ́tà fún yín. Ẹ kọ "òjò ti dé" pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá ń kọ ò ní odindi, ohun tó ṣẹ́kù á máa sún láti 160, nítorí gbogbo lẹ́tà inú gbólóhùn yẹn wà nínú tábìlì GSM. Ẹ wá yí i sí "òjò ti ń rọ̀". Ní kété tí ń bá wọlé, ohun tó ṣẹ́kù á já wálẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gé e. Ọ̀ tó kẹ́yìn náà á sì jẹ ààyè méjì, nítorí ege méjì ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju ojú ewé kan lọ, ìyẹn ìwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ojú ewé kọ̀ọ̀kan á dín kù sí 153 tàbí 67, torí ààyè díẹ̀ ń lọ fún ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó fẹ́ pe ènìyàn 400 sípàdé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà 150. Láìsí àmì, ojú ewé kan ni, wọ́n á san owó ojú ewé 400. Bí wọ́n bá fi àmì kún un, tí ege àmì 30 bá pọ̀ sí i, 180 ni. 67 lọ́nà mẹ́ta ni yóò gbà á, owó ojú ewé 1,200 ni wọ́n á san. Àwọn tó ń kọ èdè Tọ́kì, Potogí, Hindi àti àwọn èdè Íńdíà mélòó kan ti rí tábìlì tiwọn gbà nínú ìlànà GSM kí ìyà yìí má bàa jẹ wọ́n. Yorùbá kò ní. Ó dunni, nítorí iye àwa tí à ń sọ èdè yìí tó ohun tí wọ́n ń ka sí.

Lójú tèmi, kí ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ má ṣe ìlàjì. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé aago mẹ́rin lásán ni, ẹ yọ gbogbo àmì kúrò. Bí ó bá jẹ́ ìkéde òkú tàbí orúkọ ọmọ tuntun, ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, kí àmì pé. Ohun tó burú jù ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà 150 tí kò ní àmì rárá àyàfi ẹ kan ṣoṣo tó fara pamọ́ sínú rẹ̀: ẹ ó san owó àmì, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí àmì kà. Àwọn mìíràn tún wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a fura: àwòrán ẹ̀rín, àmì ₦, àti àmì àyọlò tó tẹ̀ kọdọrọ tí ẹ kọ́pì láti inú Word. Ẹ kọ N dípò ₦. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá sì ń dé ọwọ́ ènìyàn láìní àmì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fi í sí i, ẹ wo ètò áàpù Messages bóyá Use simple characters wà ní títàn, kí ẹ pa á. Lórí WhatsApp, kò sí èyíkéyìí nínú ìṣirò yìí, ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ wé orúkọ. Adébáyọ̀ jẹ́ lẹ́tà 7 lójú wa, nọ́ńbà 8 ni fún fóònù, báìtì 13 ni nígbà tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú nọ́ńbà Unicode. Fọ́ọ̀mù tí ààyè rẹ̀ kò gba púpọ̀ lè gé e láàárín, kí ọ̀ di àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí orúkọ yín kò bá ní àmì lórí NIN, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà sí báńkì àti páálí ìrìnnà, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé Ade àti Adé lè jẹ́ ẹnìkan náà. Ẹ má sì fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn sínú pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ lè fi kíbọ́ọ̀dù kan ṣẹ̀dá rẹ̀, kí kíbọ́ọ̀dù mìíràn to ege rẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀, kí ilẹ̀kùn sì kọ̀ láti ṣí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà lẹ tẹ̀.

Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Kétu dé Pobè, ní ìlànà ìkọ̀wé tiwọn: ɛ ni wọ́n ń lò fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ. Ìṣẹ́gun wa ni Ìshɛ́gun níbẹ̀. Nọ́ńbà ɛ kò jọ ti ẹ rárá, NFC kò sì ní so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn tàbí orúkọ ènìyàn láti apá ibẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ ọ̀rọ̀ náà lọ́nà méjèèjì: ọjà, kó tún tẹ ɔjà.