Àbùwò ni, kì í ṣe gígé

Ta ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará Èkìtì pé “wọ́n fẹ́ gé àpò ìtọ̀ rẹ wò” ni bàyọ́sì, ìyẹn mímú ẹran ara bíńtín láti fi yẹ àrùn wò? Ẹni náà dá iṣẹ́ sí wa lọ́rùn. Bàbá tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ bá ti gbọ́ “gé”, ó ti gba ìdí àgbo lọ nìyẹn.

Àwọn kan ní ká máa pè é ní “àyẹ̀wò ẹran ara.” Ṣé skáànì kì í yẹ ẹran ara wò ni? Àbùwò ni mo ń pè é ní tèmi. Ohun tí a bá bù, ìyókù ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà Yorùbá kan bá mi jà pé ẹran ni à ń gé, a kì í bu ẹran. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ̀mú tí dókítà ń tì wọlé gba inú awò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀: ó yanu, ó panu dé, ó sì bu díẹ̀ jẹ, kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Kí ni ká wá pe ìyẹn?

Ẹni tó bá mọ òwò kòkó á mọ ìwúlò rẹ̀. Ayẹkòkówò kì í wo dídán èèpo. Á bù láti òkè àpò, láti àárín, láti ìsàlẹ̀, á fi ọ̀bẹ la hóró sí méjì, ìgbà náà ni yóò rí èyí tó ti bu nínú.

Jẹjẹrẹ kan wà tí kì í yọ kókó rárá. Ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ sára awọ inú àpò ìtọ̀ ni. Skáànì kì í sábà rí i. Awò gan-an lè rí ibi tó kàn pọ́n díẹ̀, tàbí kó má rí nǹkan kan. Ọ̀dájú sì ni. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá hàn nínú ìtọ̀ tí awò ò rí nǹkan, dókítà lè bù láti ojú ibi púpọ̀, títí kan ibi tó ń dán.

Bí kókó bá wà, ohun tí wọ́n bù gbọ́dọ̀ kan iṣan, ìyẹn ẹran líle tó wà lábẹ́ awọ inú àpò náà. Jẹjẹrẹ tí kò tíì wọ iṣan, wọ́n lè há a kúrò, kí wọ́n sì da BCG sínú àpò ìtọ̀, BCG tí a ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni o. Dókítà Alvaro Morales ló gbé ìròyìn ìtọ́jú yìí jáde ní 1976. Èyí tó bá ti wọ iṣan, wọ́n sábà máa ń yọ odidi àpò náà ni. Ẹni tó sá fún àbùwò ló ń lọ bá gígé gan-an.

Ọmọ tó ń wẹ̀ lódò tó sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, praziquantel ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka kòkòrò àtọ̀sí ajá mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Àgbàlagbà tó ti bá a gbé pẹ́, tàbí tó ń fa sìgá, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, kó gba ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó lọ. Bí èsì bá dé, ẹ bi dókítà: ṣé iṣan wà nínú ohun tí ẹ bù?