Edé kún fún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù: ṣé ká jẹ ẹ́ àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n ní edé ò lọ́ràá, wọ́n tún ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, èròjà tó jọ ọ̀rá tó lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀ jù, kún inú rẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni méjèèjì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń rú èèyàn lójú. Tí ẹ bá wọn 100 gíráàmù edé sísè, nǹkan bí 24 gíráàmù nínú rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Gbogbo ọ̀rá ibẹ̀ kò tó gíráàmù kan. Ṣùgbọ́n kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ tó nǹkan bí 190 mílígíráàmù, bíi ti ẹyin adìyẹ ńlá kan.

Ẹ rántí pé ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó wà lára wa. Ní ti oúnjẹ, ohun tó máa ń tì í gòkè jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó wà lára ẹran màlúù àti bọ́tà. Ìyẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára edé. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Rockefeller ní New York gbé jáde ní 1996, àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá jẹ 300 gíráàmù edé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. LDL wọn, tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú, fi ìdá 7 nínú 100 gòkè. HDL, èyí tó dára, fi ìdá 12 gòkè. Ta ló tiẹ̀ ń jẹ edé tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́? Lójú tèmi, òróró tí wọ́n fi dín edé ló yẹ ká fẹ̀sùn kàn. Àmọ́ ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, dókítà rẹ̀ ni kó gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìbéèrè: Oyster, clam àti mussel ńkọ́, àwọn tí karahun wọn jẹ́ aláwẹ́ méjì?

Ìdáhùn: Àwọn yìí ni wọ́n purọ́ mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù láyé ìjọ́un kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn èròjà mìíràn tó jọ ọ́ tí àwọn ẹran yìí ń rí nínú ewéko tín-ín-tín tí wọ́n ń sẹ́ jẹ látinú omi. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà pọ̀. Ìgbà tí ọ̀nà ìwọ̀n tó péye dé ló tó hàn pé tiwọn kéré sí ti edé dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú yẹn ò tíì tán nílẹ̀.

Ó dunni, torí inú wọn ni ìṣúra wà. Àgbàlagbà nílò fítámìnì B12 tó tó máíkírógíráàmù 2.4 lóòjọ́, 100 gíráàmù clam sísè ní nǹkan bí 99. Mussel sísè ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹran màlúù lọ. Ní ti èròjà síǹkì, kò sí oúnjẹ tí a mọ̀ dáadáa tó bá oyster dọ́gba.

Ìbéèrè: Alákàn àti lobster, ìbátan edé tó tóbi, ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọn ò jìnnà sí edé: purotéènì pọ̀, ọ̀rá kéré. Iyọ̀ ni kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ṣọ́, nítorí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, tó wà nínú 100 gíráàmù alákàn ńlá ti Alaska ju 1,000 mílígíráàmù lọ, kí a tó fi iyọ̀ tiwa sí i.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó yẹra fún àwọn oúnjẹ yìí?

Ìdáhùn: Ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé áyọ́dìnì, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ òkun, ló fà á. Rárá o, purotéènì kan tó ń jẹ́ tropomyosin ló sábà máa ń fà á, sísè kì í sì í bà á jẹ́. Ẹni tí àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní gout ń yọ lẹ́nu náà ní láti dín in kù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyster tútù: kòkòrò Vibrio vulnificus tó máa ń wà nínú rẹ̀ lè pa á. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò pa kòkòrò yẹn, ata ò pa á. Iná ló ń pa á.